Tìmùtìmù Tó Gbé Olùyẹ̀wò Mì

Àbúrò mi obìnrin ríran.

Kì í ṣe ìran wòlíì o. Ìran kíláàsì ni!

Ó ku oṣù mẹ́ta kó jáde níléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ló bá wọlé tọ̀ mí wá, ojú ẹ̀ ń tàn yanran.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kíláàsì tèmi, kò ní sí pàṣán níbẹ̀. Kò ní sí ariwo. Kò ní sí àga gíga, tíṣà àtọmọ, ilẹ̀ la jọ máa jókòó sí. Igun kan á wà tó rọ̀ mùlọ̀mùlọ̀. Ẹni tó bá rẹ̀, kó lọ sinmi níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ jí i."

"Ṣé kíláàsì lo fẹ́ ṣe ni, àbí yàrá ìyá ìkókó?"

Kápẹ́ńtà ni mí, ó kàn ní kí n bá òun kan pẹpẹ ìwé mẹ́rin tí ò ga ju orúnkún lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Màámi ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n bá pálọ̀ ní ìhòòhò. Kò sí kọ́tìnnì, kò sí rọ́ọ̀gì, kò sí ìrọ̀rí kan ṣoṣo.

"Yéè! Olè ti jà wá o!"

"Olè kọ́, Màámi. Ọmọ yín ni."

Gbogbo ẹ̀ ló ti kó lọ síléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n rán an lọ fiṣẹ́ dánra wò. Ó tún gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó rọ ọ́ sínú àpò kan, ó rán an pa. Ó ní tìmùtìmù nìyẹn. Tìmùtìmù tó tóbi bí erin tó lóyún! Tó o bá jókòó sí i, àfi fùùù, o ti rì.

Ọjọ́bọ̀ ni olùyẹ̀wò tí iléèwé ẹ̀ rán pé kó wá fún un ní máàkì ń bọ̀. Bírò Pupa làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Èèyàn mọ́kàndínlógún ló mú kó fìdí rẹmi lọ́dún tó kọjá. Tó bá ṣe àbúrò mi bẹ́ẹ̀, ọdún kan gbáko ló máa fi tún un ṣe nìyẹn.

Lọ́jọ́ náà, mo wà ní kíláàsì ẹ̀ tí mò ń kan ìṣó tó kẹ́yìn mọ́ pẹpẹ, ni mo gbọ́ bàtà gogoro.

Kò! Kà! Kò! Kà!

Bírò Pupa wọlé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Àga mi dà?"

"Ilẹ̀ ni gbogbo wa ń jókòó sí níbí, mà. Àmọ́ ẹ lè lo tìmùtìmù igun ìsinmi yẹn."

Ó wo tìmùtìmù. Ó wo àbúrò mi. Ó gbá fáìlì máyà, ó jókòó.

Fùùùùùù!

Orúnkún ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Ẹni tó ń mú kí ọmọ ọlọ́mọ fìdí rẹmi, ìdí tiẹ̀ náà ti rẹmi! Ẹ̀rín ń pa mí, mo yáa fọwọ́ bo ẹnu.

Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn èèrà kan tó ń wá ọ̀nà ilé, ohùn ẹ̀ ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí òjò ìdájí. Atẹ́gùn ń fẹ́ kọ́tìnnì Màámi. Ìṣẹ́jú méje ò tíì pé.

"Hòòòn... fíìì. Hòòòn... fíìì."

Ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè. "Anti, jẹnẹrétọ̀ ta ló ń dún?"

Bírò Pupa ni! Ẹnu là sílẹ̀ gbàgà, ìwé máàkì wà lórí itan, funfun báláú.

Ẹni tó bá sùn, kí ló fẹ́ kọ? Àbúrò mi rọra nawọ́ kó lè jí i.

"Anti, rárá!"

Ọmọbìnrin kékeré kan tí eyín iwájú ẹ̀ ti ká ló dìde, ó dábùú ọ̀nà. Òun ni Olórí Kíláàsì.

"Ẹ ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jí ẹni tó bá sùn síbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ màmá yìí..."

"Ṣé kì í rẹ àwọn àgbà ni?"

Àbúrò mi wojú mi. Mo yáa gbójú sókè àjà. Èmi kọ́ ló kọ́ wọn!

Olórí Kíláàsì bọ́ súwẹ́tà ẹ̀, ó fi bo olùyẹ̀wò níkùn.

Gbàù! Ọ̀gá iléèwé ṣílẹ̀kùn. Ọkùnrin yìí, tó bá ní "ẹ káàárọ̀" lásán, wíńdò á mì.

"Ẹ KÚ IṢẸ́ O! ṢÉ OLÙYẸ̀WÒ TI..."

"Ṣṣṣṣṣṣ!"

Ọgbọ̀n ọmọ ló fìka sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá dúró lẹ́sẹ̀ kan bí àkùkọ. Ó bọ́ bàtà, ó gbé e há abíyá, ó yọ́ jáde.

Ìgbà tí aago lù, gbáun gbáun gbáun, Bírò Pupa ta jí.

"Ó dáa! Ẹ máa bá ẹ̀kọ́ lọ!"

Ó fẹ́ dìde. Kò ṣeé ṣe. Ó tún fẹ́ dìde. Fùùù! Tìmùtìmù fà á padà. Mo di ọwọ́ ọ̀tún mú, àbúrò mi di òsì mú, àwọn ọmọ ń tì í lẹ́yìn.

"Hẹ́ẹ̀... hó! Hẹ́ẹ̀... hó!"

Pọ́ọ̀! Ó jáde bí ìdérí ìgò.

Ó tún wíìgì tó ti yí bò ó létí ṣe. "Ẹ̀kọ́ yìí... ó wọ̀ mí lára gan-an."

"Ibo lẹ gbádùn jù, mà?" Olórí Kíláàsì ló béèrè.

Bírò Pupa wòkè, ó wolẹ̀. "Ìparí ẹ̀."

Yéè, ẹ̀rín fẹ́ já ìfun mi!

Ó kọ máàkì wàìwàì: mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún! Nísàlẹ̀, ó kọ ọ́ pé: "Kíláàsì yìí ń fini lọ́kàn balẹ̀. Ó yẹ ká tún un yẹ̀ wò dáadáa."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, mo gbé pẹpẹ karùn-ún lọ fún àbúrò mi lọ́sàn-án gangan. Ta ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà? Bírò Pupa àti olùyẹ̀wò mẹ́ta míì, wọ́n tò sẹ́yìn ara wọn. Ọ̀kan ti wọ sálúbàtà ilé wá.

"Àyẹ̀wò la bá dé," ni wọ́n wí.

Olórí Kíláàsì fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó káwọ́ gbera.

"Ẹni tí ò bá tíì lọ tọ̀, kò gbọdọ̀ wọlé wá sùn o. Mà, ṣé ẹ ti tọ̀?"

Bírò Pupa wo àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀. Ó kó fáìlì lé ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di ààyè mi mú," ló wí, ló bá forí lé ilé ìtọ̀, eré burúkú!