Ọjọ́ Tí Mo Fi Ẹ̀kọ Lẹ Èsì Ìdánwò Ọmọ Mi

Ọjọ́ tí mo mú Mulíká, àkọ́bí mi, lọ wá àyè sí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ kò lè kúrò lọ́kàn mi láé. Àlùbọ́sà ni mò ń tà l'Ọ̀fà nígbà náà, èyí tí rélùwéè ń kó wá láti òkè Ọya. Ìwé tí mo kà kò kún àtẹ́lẹwọ́, àmọ́ kò sí nọ́ńbà tó lè tàn mí jẹ. Ohun tí mo rò nìyẹn.

Èsì ìdánwò oníwèé mẹ́wàá dé, Mulíká ń sunkún pé òun kò ṣe dáadáa. Tìṣà ló fẹ́ ṣe láti kékeré. Bàbá rẹ̀ sì ti ní bí ilé-ẹ̀kọ́ kankan kò bá gbà á lọ́dún náà, kó lọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ àbúrò òun ní Ìjàgbò.

Mo yẹ ìwé náà wò. Lókè: mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́fà. Nísàlẹ̀: mẹ́jọ, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án. Mo ní, "Abájọ! Àwọn wẹ́wẹ́ òkè yìí ló fẹ́ ba ọjà jẹ́." Ta ló ń kó àlùbọ́sà wẹ́wẹ́ síwájú àtẹ? Nígbà tí Mulíká lọ pọnmi, mo ká apá òkè sẹ́yìn, mo fi ẹ̀kọ gbígbóná lẹ̀ ẹ́ pa, mo sì gbé ọlọ lé e.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ parí gbígba fọ́ọ̀mù la dé ilé-ẹ̀kọ́ náà. Mo ti kìlọ̀ fún Mulíká nínú ọkọ̀ pé kó pa ẹnu mọ́, èmi ni n óò sọ̀rọ̀. Akọ̀wé gba ìwé, ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Mọ́mì, orúkọ ọmọ dà?"

"Òun nìyí, ẹ bi í."

"Mẹ́sàn-án nínú ìṣirò lẹ gbé wá?"

Orí mi wú. Mo yíjú sí àwọn tó tò sẹ́yìn wa. "Ṣé ẹ gbọ́? Mẹ́sàn-án gbáko! Ẹni tí ọmọ tiẹ̀ bá ní mẹ́wàá, kó jáde!"

Kò sẹ́ni tó jáde. Ẹ̀rín ni wọ́n bú sí. Mulíká fi ìborùn bojú, ó sì rọra sọ fún mi láti abẹ́ rẹ̀ pé:

"Ìyá mi, ọ̀kan ló dára jù. Mẹ́sàn-án, mo fìdí rẹmi nìyẹn."

"Irú ìṣirò wo nìyẹn?"

"Àwọn tó dára dà, tó wà lókè?"

"Wọ́n wà lẹ́yìn."

Akọ̀wé ní òun kò lè gba ìwé tí wọ́n lẹ̀, ó ń nà án padà sí mi. Mulíká já a gbà, ó jókòó sílẹ̀, ó ń fi itọ́ rin ín, ó ń bó o díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń bó èépá ojú egbò. Mò ń bẹ Ọlọ́run kó má ya. Orúkọ yọ. Mẹ́ta yọ. Mẹ́rin yọ.

Akọ̀wé kà á, ó mí kanlẹ̀. "Ìṣirò kọ̀ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ pẹ̀lú ìwọ̀nyí, ó lè wá kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá níbí. Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ fi wọ́n pamọ́?"

Mo yára fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn. Ẹ̀kọ ṣì wà ní èékánná mi.

Ará Ọ̀fà kan wà lórí ìlà, ìròyìn sì ti ṣáájú wa délé. Bàbá Mulíká rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé ọ̀rọ̀ ìránṣọ. Ó ní kí n jọ̀wọ́, bí lẹ́tà ìgbàwọlé bá dé, kí n má fọwọ́ kàn án.

Mo gbà. Ohun tí èèyàn kò bá lè kà, kó béèrè kó tó gbọ́n sí i. Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Èmi alára kò tíì rín in tán.