Ọ̀pá Inú Ọkọ̀ Mosúnmọ́lá

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí yìí, ta ló mọ ibi tí àwọn àgbà ti rí òwe tí wọ́n ń pa pé, "Kí a tó jowú ọ̀pá, ká kọ́kọ́ wo abẹ́ ọkọ̀"? Ẹ má wo ẹnu ara yín. Ẹ ti ń pa á tipẹ́, ẹ ò mọ ìdí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ni n ó ṣe sọ ọ́ fún yín. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi ọkọ̀ léèrè.

Obìnrin méjì ni, wọ́n fẹ́ ọmọ ìyá kan náà nínú ìlú kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ Òkè Ọ̀bọ. Ẹ̀gbọ́n ló fẹ́ Oyèníkẹ̀ẹ́, àbúrò ló fẹ́ Mosúnmọ́lá, nítorí náà Oyèníkẹ̀ẹ́ ni ìyálé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń kó láti oko wá sí ìlú, oníkálukú pẹ̀lú píkọ́ọ̀pù tirẹ̀.

Bọ́tìnì róbótó kan wà nínú ọkọ̀ Oyèníkẹ̀ẹ́. Tó bá dé ibi tó ní ẹrẹ̀, á fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ kékeré kan á kùn lábẹ́ ọkọ̀, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì jọ máa fà á lọ. Bọ́tìnì yẹn kò já a kulẹ̀ rí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ṣùgbọ́n ọ̀pá ló wà nínú ọkọ̀ Mosúnmọ́lá, irin gígùn kan tó yọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà, tí orí rẹ̀ ń dán bí orí ọmọ tuntun tí wọ́n fi àdí pa. Tí Mosúnmọ́lá bá dé ẹsẹ̀ òkè, á dúró, á ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, á fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá mú, á sì fà á. Ẹ ó gbọ́ gbàgà. Àwọn ọkùnrin tó ń jókòó ní oríta á ní, "Mosún, obìnrin bí ọkùnrin." Kò sì sí ẹni tó kí ẹni tó tẹ bọ́tìnì rí.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Oyèníkẹ̀ẹ́ lára. Ó ń jẹun, kò mọ adùn rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀, gbàgà ló ń gbọ́. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, pásítọ̀ ń wàásù nípa Mósè tó na ọ̀pá sórí òkun, ni Oyèníkẹ̀ẹ́ bá yíjú sí Mosúnmọ́lá nínú ìjókòó, ó pòṣé. Ó ní, "Òun náà ní ọ̀pá." Olúwa ló mọ ohun tó kan Mosúnmọ́lá nínú ọ̀rọ̀ òkun.

Ìyá ọkọ wọn wà, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Àgbà ń gbé lórí òkè. Orúnkún ò jẹ́ kí èyí gòkè, kò jẹ́ kí tọ̀hún sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí ránṣẹ́ pé, "Ojú mi ti ń ṣú. Kí àbúrò mi wá kí n rí i, kó tó ṣú tán." Oyèníkẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀ ló kúnlẹ̀, tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé, "Ìyá, èmi ni n ó gbé yín dé ọ̀dọ̀ wọn."

Ìlérí tó dára ni. Ṣùgbọ́n owú ò jẹ́ kó gbéra.

Ó ní, "Ìyá, ẹ fara balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀pá sí ọkọ̀ ná."

Ìyá Àgbà ní, "Ṣé bọ́tìnì ti bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́, Ìyá."

"Kí ló wá ṣe é?"

"Kò níyì ni."

Ìyá Àgbà wò ó títí. Ó ní, "Oyèníkẹ̀ẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ò béèrè bóyá bọ́tìnì ló gbé mi tàbí ọ̀pá. Bóyá mo ń bọ̀ ló béèrè."

Mosúnmọ́lá gbọ́, ó ní, "Ìyálé mi, tí ọwọ́ yín bá dí, kí n gbé Ìyá lọ."

Oyèníkẹ̀ẹ́ ní, "Ṣé wọ́n sọ fún ọ pé mo ti kú ni?"

Ó gbé ọkọ̀ lọ bá Gbàdébọ̀. Ríwáyà ni Gbàdébọ̀, òun ló ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe, ó sì mọ ibi tí wọ́n ti ń rí ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó ti kú. Ó ní, "Mọ́mì, ọkọ̀ yìí ò mọ ọ̀pá o. Ó ní àpótí kan tó ń ronú fún un. Tí a bá yọ ẹ̀rọ yìí, á máa wá a."

"Kó máa wá a. Ìwọ ṣáà fi ọ̀pá sí i."

Wọ́n tú abẹ́ ọkọ̀, wọ́n yọ jíà kékeré tó ń pín agbára fún táyà iwájú, wọ́n fi èyí tó ní ọ̀pá rọ́pò rẹ̀. Oyèníkẹ̀ẹ́ ta epo sí orí ọ̀pá náà kó lè dán ju ti ẹlòmíràn lọ.

Bó ṣe ṣáná sí ọkọ̀, iná kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú níwájú rẹ̀ bí ẹni tí ata wọ̀ lójú. Gbàdébọ̀ gé wáyà rẹ̀. Oyèníkẹ̀ẹ́ wakọ̀ díẹ̀, ọwọ́ tó ń ka eré ò kúrò lórí òdo.

Gbàdébọ̀ ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ máa sáré ni?"

"Rárá o."

"Ẹ ò nílò rẹ̀ nìyẹn."

Wọ́n dé ibi tó ní ẹrẹ̀, Oyèníkẹ̀ẹ́ ká apá aṣọ, ó fa ọ̀pá. Táyà iwájú ò mira. Gbàdébọ̀ ní àpótí tó ń ronú yẹn ló yẹ kó fi iná ránṣẹ́ sí iwájú kí táyà tó dìde, àpótí sì ti bínú. Ó wá wáyà mìíràn tó sún mọ́ ọn, ó so ti táyà iwájú mọ́ ọn. Wáyà họ́ọ̀nù ni. Tí Oyèníkẹ̀ẹ́ bá ti tẹ họ́ọ̀nù, táyà iwájú á fa ọkọ̀. Tó bá ti ṣíwọ́, wọ́n á jáwọ́.

Bó ṣe gba àárín ìlú kọjá nìyẹn, pàààà láti oríta títí dé odò. Ewúrẹ́ já okùn. Àwọn kan sáré jáde láti wo ìyàwó tuntun. Mosúnmọ́lá dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó rọra kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyálé mi, ẹ kú ayẹyẹ o."

Ìkíni yẹn dun Oyèníkẹ̀ẹ́ ju èébú lọ. Ó padà sọ́dọ̀ Gbàdébọ̀. "Yọ ariwo kúrò."

"Ibo ni kí n wá so ó mọ́?"

"Ibi tí kì í sọ̀rọ̀."

Gbàdébọ̀ wá wáyà tí kì í sọ̀rọ̀, ó rí ti iná bíréèkì. Níbi tí ọkọ̀ dúró sí, ó tẹ bíréèkì wò, ó gbọ́ kẹ́ níwájú, ó ní, "Ó ti ṣe." Kò ronú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Àgbà wọ aṣọ funfun, ó jókòó síwájú. Gbàdébọ̀ jókòó sẹ́yìn, nítorí Oyèníkẹ̀ẹ́ fẹ́ kó rí bí ọ̀pá ṣe máa ṣiṣẹ́. Wọ́n dé ibi tí òkè ti le, táyà ẹ̀yìn ń yí lásán. Oyèníkẹ̀ẹ́ fa ọ̀pá. Kò sí nǹkan kan. Ó tẹ bíréèkì, táyà iwájú dìde lójú ẹsẹ̀, ó gbára dì. Ṣùgbọ́n ó ti tẹ bíréèkì ná. Tó bá gbẹ́sẹ̀ kúrò kó lè lọ, táyà iwájú á ní kò kan àwọn, ọkọ̀ á sì fà sẹ́yìn. Ẹ ti rí irú rẹ̀ rí? Ọkọ̀ tí agbára rẹ̀ kì í dé àfi tó bá dúró.

Ìyá Àgbà ní, "Oyèníkẹ̀ẹ́, ṣé òkè là ń gùn?"

"Òkè ni, Ìyá."

"Igi ìrókò yẹn ti kí mi lẹ́ẹ̀kan. Ó tún ń bọ̀ wá kí mi."

Kó tó sọ ọ́ tán, táyà ẹ̀yìn ti wọ inú gọ́tà.

Ta ló ń bọ̀ lẹ́yìn bí kò ṣe Mosúnmọ́lá. Ó ní, "Ìyálé mi, kí n fi okùn fà yín?" Oyèníkẹ̀ẹ́ yíjú sí igbó. Ìyá Àgbà ló dáhùn pé, "Fà wá, ọmọ mi."

Gbàdébọ̀ mú okùn, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ Mosúnmọ́lá láti so ó. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó yọrí, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ wá wo nǹkan."

Oyèníkẹ̀ẹ́ ká ìró, ó dùbúlẹ̀ sínú eruku, ó wòkè. Ọ̀pá náà gba ihò wọlẹ̀, ó sì dá dúró nínú afẹ́fẹ́ bí ìrù ajá. Kò so mọ́ ohunkóhun. Irin tó yẹ kó lọ sí táyà iwájú, kò sí níbẹ̀ rárá.

Ó jáde, eruku ní gbogbo orí. "Mosúnmọ́lá, kí lò ń fà láti ọjọ́ yìí?"

Mosúnmọ́lá kúnlẹ̀. "Ìyálé mi, bí mo ṣe rà á nìyẹn. Ẹ̀yin á kàn fi ìka kan tẹ bọ́tìnì, ọkọ̀ yín á máa lọ bí ọmọ ọlọ́lá. Ó ń dùn mí. Ni mo bá ní kí èmi náà rí nǹkan máa fà."

"Gbàgà yẹn ńkọ́?"

"Ilẹ̀kùn ni mo máa ń fi ẹsẹ̀ gbá."

"Báwo lo ṣe wá ń gòkè?"

Ó ká tapólì ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀. Àpò yanrìn tútù ló kún ibẹ̀, òun ló ń tẹ táyà ẹ̀yìn mọ́lẹ̀.

Oyèníkẹ̀ẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bọ́tìnì tó dára ló yọ sọnù nítorí ọ̀pá tí kò dé ibì kankan, tí ẹni tó ni ín sì ń jowú bọ́tìnì. Ìyá Àgbà yọ orí láti ojú fèrèsé, ó ní, "Ẹ̀yin ìyàwó mi, tí ẹ bá ti jowú tán, ẹ̀gbọ́n mi ń dúró."

Mosúnmọ́lá mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí ìyálé rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ṣèlérí. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wà á."

Wọ́n fi ọkọ̀ Oyèníkẹ̀ẹ́ sílẹ̀ nínú gọ́tà, wọ́n gbé Ìyá Àgbà bọ́ sínú ọkọ̀ kejì. Mosúnmọ́lá àti Gbàdébọ̀ jókòó sórí yanrìn kó lè wúwo sí i. Nígbà tí wọ́n dé ibi tó le jù, Oyèníkẹ̀ẹ́ na ọwọ́, ó fa ọ̀pá náà. Kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ó dùn mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n Ìyá Àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà lórí òkè. Ó ní, "Kí ló dá ọ dúró tó bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáà máa kìlọ̀ fún àwọn ọmọ yín. Kí a tó jowú ọ̀pá, ká kọ́kọ́ wo abẹ́ ọkọ̀."

Wọ́n ròyìn fún un, ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú. Lẹ́yìn náà ó fa ojú àbúrò rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́, ó ní, "Ìwọ náà ti hewú."

Oyèníkẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ níbẹ̀, eruku abẹ́ ọkọ̀ ṣì wà lórí rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, mo gbé wọn dé."