Apá Kejì Ìwé Bàbá Morẹ́nikẹ́

Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo ti gbàgbé nínú ọdún tí mo lò ní Jọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n Sátidé kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn ó fi gbé mi sin. Ọjọ́ náà ni ọkùnrin kan tí mo fi ẹnu ara mi pa jókòó ti abọ́ iyán, tó ń jẹun, tó tún ń bu ọbẹ̀ sí i. Ẹ má sá fún mi o, n kì í ṣe apànìyàn. Inú ìwé ìtàn ni mo ti pa á, ẹjọ́ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìyàwó lọ́wọ́ mi.

Akọ̀wé ni mí nígbà náà ní iléeṣẹ́ òyìnbó kan tó ń wa kùsà lọ́nà Nàrágúta. Yàrá kan ni mo gbà ládùúgbò Gángárè. Àwa Yorùbá tí rélùwéè àti kùsà kó wá sókè ọ̀hún kò tíì pọ̀, bí iṣẹ́ bá sì ti parí lọ́sàn-án Sátidé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Morẹ́nikẹ́ ni àwa mẹ́fà kan máa ń forí lé. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni bàbá yìí, ọ̀gá àwọn akọ̀wé ní ibùdókọ̀ rélùwéè. Ọ̀rọ̀ ìwé ìtàn la máa ń sọ níbẹ̀. Ẹni tó bá ń ka ìwé lọ́wọ́ yóò dìde, yóò sọ ohun tó rí nínú rẹ̀: ta ló ṣe dáadáa, ta ló yẹ kí wọ́n nà lẹ́gba, ibo ni òǹkọ̀wé ti ń purọ́ fún wa. Àwa yòókù yóò sì máa bá a jiyàn títí tíì yóò fi tutù sínú ife.

Ìwé ló wọ́n. Nígbà tí ìwé ìtàn tuntun kan bá ọkọ̀ ojú irin dé láti Èkó, ẹyọ kan ṣoṣo ni, gbogbo wa la sì ń nawọ́ sí i. Bàbá Morẹ́nikẹ́ ò jẹ́ ká jà. Ó mú abẹ, ó la ìwé náà sí mẹ́ta, Morẹ́nikẹ́ ọmọ rẹ̀ sì fi òwú dúdú rán apá kọ̀ọ̀kan. Bí gbogbo wa bá ti ka apá kìíní tán, ni apá kejì yóò tó jáde. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan la fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bàbá fúnra rẹ̀ ò lè kà á, nítorí awò ojú rẹ̀ ti fọ́, ó ń retí òmíràn láti Èkó. Morẹ́nikẹ́ nìkan ló ti rí ìwé náà lódindi, torí ó bẹ bàbá rẹ̀ títí tó fi gbà á fún ọjọ́ méjì kí abẹ tó kàn án.

Morẹ́nikẹ́ yìí ni mo fẹ́ fi ṣaya. Mo ti bẹ àwọn àgbà ìjọ wa, wọ́n ti lọ bá bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Bàbá ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n máa wò ó ná. Ẹni tó bá mọ ìwé tọ́jú, yóò mọ èèyàn tọ́jú. Bí a bá ti ka ìwé yìí parí, n ó fún un lésì." Láti ọjọ́ náà, ìwé yẹn ti kúrò ní ìwé ìtàn lójú mi. Ìyàwó mi ló wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí apá kejì jáde, èmi ni ìbò mú láti kọ́kọ́ gbà á. Ẹni tí orí rẹ̀ pé ì bá kà á lọ́jọ́ náà. Èmi kọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, mo ní ọjọ́ Olúwa ni. Lọ́jọ́ Ajé, mo ní ó rẹ̀ mí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé àpótí síwájú ilẹ̀kùn mi, mo jókòó sínú oòrùn, mo gbé ìwé lé itan. Ojú ewé kìíní ni mo ṣì wà tí ọyẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Ẹni tí kò bá tíì rí ọyẹ́ Jọ́ọ̀sì rí kó má bá mi sọ̀rọ̀ òtútù. Mo sá wọlé lọ wọ aṣọ tó nípọn, mo sì fi ìwé sílẹ̀ lórí àpótí. Mo sọ lọ́kàn mi pé ìwé ò kúkú lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ìwé lẹ́sẹ̀.

Obìnrin kan wà lágboolé wa tó ń jẹ́ Ládì, tó ń din kọ́sé láràárọ̀, ohun tí à ń pè ní àkàrà nílé. Èmi ni mo máa ń kó tàkàdá tí iléeṣẹ́ wa ti lò tán wá fún un láti fi pọ́n ọn, òun náà á sì fi ènì kan lé tèmi. Orí àpótí iwájú ilẹ̀kùn mi gan-an ni mo máa ń kó o sí, tí yóò wá gbé e fúnra rẹ̀. Ìwé tí kò ní èèpo, tí kò ní orúkọ, tí wọ́n fi òwú rán bí ìwé ìṣirò àtijọ́, kí ni obìnrin náà ì bá ti ṣe mọ̀?

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú mo ra kọ́sé mi. Mo ti jẹ méjì tán. Bí mo ṣe gbé ẹ̀kẹta, ni mo rí i lábẹ́ rẹ̀, gàdàgbà: "Orí Kẹsàn-án." Kọ́sé há mi lọ́nà ọ̀fun.

"Ládì! Níbo lo ti rí tàkàdá yìí?"

"Haba, Màlámù!" Èdè Haúsá ló fi dá mi lóhùn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé kì í ṣe orí àpótí rẹ ni? Ti òní yìí mà dára o. Ó nípọn. Gbogbo rẹ̀ ti tán!"

Mo ń wá àwọn tó ti ra kọ́sé láti ojúlé dé ojúlé ní Gángárè pẹ̀lú sálúbàtà ẹsẹ̀ kan, ìkejì ti já. Káfíńtà kan ló kọ́kọ́ ṣàánú mi. Ó ti fi ojú ewé tirẹ̀ nu ọwọ́, ó nà án sí mi, ó béèrè bóyá ara mi yá. Ìkejì wà lẹ́nu ewúrẹ́. Mo fà á, ewúrẹ́ fà á, ìdajì ni a fi parí ìjà, tirẹ̀ ló sì tóbi jù. Ìkẹta wà lọ́wọ́ dógarì, ọlọ́pàá ọba, ọkùnrin gìrìwò tó ń jẹ kọ́sé tirẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò níbi í lọ. Èmi ò tó bẹ́ẹ̀ láti gba oúnjẹ lọ́wọ́ dógarì. Mo ń tẹ̀lé e, pé bó bá jẹ ẹ́ tán yóò ju tàkàdá nù. Ó yà, mo yà. Ó dúró, mo dúró. Ó yíjú padà, ó ní kí ni mo ń wá lẹ́yìn òun. Mo ní tàkàdá rẹ ni, ọ̀gá. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó jẹ kọ́sé tó kù, ó fún mi ní tàkàdá, ó sì ní kí n lọ sùn. Àwọn yòókù tó ra kọ́sé ti gba ọ̀nà kùsà lọ. Pẹ̀lú èyí tó wà lábẹ́ kọ́sé tèmi, ewé mẹ́ta àti àbọ̀ ni mo kó padà sílé. Òróró ti mu wọ́n débi pé mo lè fi wọ́n wo oòrùn.

Ìwọ̀nba ohun tí mo rí kà níbẹ̀ nìyí. Akínṣọlá, ọkùnrin tó fi ìyàwó rẹ̀ síkàáwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú apá kìíní, tó ń lọ wá ọrọ̀ sí ìlú òkè, wọ ọkọ̀ ojú omi. Ìjì dé. Ọkọ̀ ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì. Lẹ́yìn ìyẹn, òróró.

Títí di Sátidé ni mo fi ń kọ́ ẹnu mi bí yóò ṣe jẹ́wọ́. Àfi ìgbà tí mo dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí Morẹ́nikẹ́ gbé omi wá fún mi, tó kúnlẹ̀, tó ní, "Ẹ kú ọ̀nà, sà." Ẹnu tí mo kọ́ gbàgbé ẹ̀kọ́. Mo gbọ́ tí mo ń sọ pé, "Bàbá, ìwé wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì ọ̀gá mi. Ó ti tì í, ó sì ti lọ sí Kúrú. Ṣùgbọ́n mo ti kà á tán. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́."

Mo sì sọ ọ́. Háà, ìtìjú ń bá mi títí dòní nítorí bí mo ṣe sọ ọ́ dáadáa tó. Mo ní ọkọ̀ dojú dé, Akínṣọlá bá omi lọ. Mo ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ sunkún fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo tilẹ̀ ní wọ́n rí fìlà rẹ̀ létí omi. Ìyá Sámúẹ́lì, opó àgbàlagbà tó máa ń jókòó lápá ògiri, tú ìborùn, ó fi nu ojú. Dáníẹ́lì télọ̀, tó lè bá òjìji ara rẹ̀ jiyàn, fò dìde. Ó ní kí ọ̀rẹ́ yẹn má dá a láṣà láti fẹ́ opó náà. Ẹlòmíràn ní bí kò bá fẹ́ ẹ, ta ni yóò bọ́ àwọn ọmọ? Wọ́n jiyàn títí, mo sì jókòó láàárín wọn bí ọba. Inú mi dùn. Ẹ gbà mí gbọ́, fún wákàtí kan gbáko, inú mi dùn.

Àfi bí Dáníẹ́lì ṣe ní, "Bàbá, ọkàn mi ò ní lè dúró de ẹni tó lọ sí Kúrú. A ti gbọ́ apá kejì. Ẹ fún mi ní apá kẹta." Bàbá Morẹ́nikẹ́ mi orí, ó ní kò burú. Inú mi ò dùn mọ́.

Sátidé tó tẹ̀ lé e nìyẹn. Dáníẹ́lì kò tilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Ó dúró sáàárín, ó ṣí apá kẹta. "Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Níbo ni òkú ti ń jẹ iyán?" Ó kà á síta fún wa: ojú ewé kìíní, ìlà kìíní, Akínṣọlá jókòó nílé àna rẹ̀, ó ń fi iyán gbọ́ bùkátà ikùn, ó ń bu ọbẹ̀ sí i.

Mo ní bóyá ẹ̀mí rẹ̀ ni. Dáníẹ́lì ní ṣé ẹ̀mí máa ń bu ẹran? Mo ní bóyá ìbejì ni wọ́n bí i. Ìyá Sámúẹ́lì dìde, ó nàka sí mi. "Omijé mi ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń dárò ọmọ ọlọ́mọ. Ta ni yóò dá omijé mi padà fún mi?"

Bàbá Morẹ́nikẹ́ gbé ọwọ́ sókè. Ó pe ọmọ rẹ̀ jáde. "Morẹ́nikẹ́, ìwọ lo ka ìwé yìí. Ọkùnrin yìí kú àbí kò kú?"

Morẹ́nikẹ́ wò mí. Kò wò mí tìkà-tìkà, ìyẹn ló sì dùn mí jù. "Kò kú, Bàbá," ni ó wí.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, mo yọ ewé mẹ́ta àti àbọ̀ láti inú àpò. Bàbá gbé e símú, ó gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín o, Dáníẹ́lì dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Pé ìwé sọnù, kò sí ẹni tí nǹkan ò lè sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Irọ́ ni n ò fẹ́. Wo ọmọ mi yìí, kì í purọ́. Ìgbà tí apá kejì bá padà wọ ilé mi, ni kí ìwọ tó padà wá sọ ọ̀rọ̀ ọmọ mi." A kọ̀wé sí Èkó, wọ́n ní ìwé náà ti tán nílẹ̀. Ojú mi ṣú.

Morẹ́nikẹ́ ló yọ mí. Ó kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ó ní òun rántí apá kejì dáadáa, pé bí òun bá ń sọ ọ́, kí n máa kọ ọ́. Bàbá gbà. Odindi oṣù méjì ni mo fi jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀ yẹn lẹ́yìn iṣẹ́, tí mo ń kọ̀wé, tí ọwọ́ ń ro mí. Òun ń ṣẹ́ ẹ̀wà, ó ń sọ ọ́: bí Akínṣọlá ṣe bọ́ lọ́wọ́ omi, bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ń jí lẹ́tà rẹ̀ pa mọ́, bí ìyàwó rẹ̀ ṣe rí wọn lábẹ́ ẹní. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, ó rán an pẹ̀lú òwú dúdú, ìwé sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ káàkiri. Dáníẹ́lì ní nínú apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, apá kejì ni òun fẹ́ràn jù, pé ibẹ̀ ni ọgbọ́n òǹkọ̀wé ti hàn. Ìyá Sámúẹ́lì tún sunkún, ó ní ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí tọ́. Bàbá rí awò ojú rẹ̀ gbà, ó kà á, ó sì pe àwọn àgbà ìjọ. Bí mo ṣe fẹ́ Morẹ́nikẹ́ nìyẹn.

Ọmọ wa ti di mẹ́ta nígbà tí mo rí ìwé náà lódindi lọ́wọ́ ẹnì kan ní Ìbàdàn. Mo rà á, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á nínú ọkọ̀ ojú irin. Mo ka orí kẹjọ, mo ka orí kẹsàn-án títí dé orí kẹtàlá. Kò sí lẹ́tà níbẹ̀. Kò sí ẹní. Akínṣọlá gúnlẹ̀ láyọ̀, ó bá àlùfáà kan pàdé, àlùfáà náà sì wàásù fún ojú ewé mọ́kànlélógójì.

Mo dé ilé, mo gbé ìwé síwájú ìyàwó mi. Ó ṣí i, ó wò ó, ó pa á dé.

"Wàásù yẹn ti gùn jù," ló wí. "Ọjọ́ méjì péré ni Bàbá fún mi. Mo fò ó, mo ka ìparí."

"Morẹ́nikẹ́! Ìwọ tí Bàbá ní o kì í purọ́!"

"Bí mo bá sọ fún Bàbá pé n ò kà á, ta ni ì bá fẹ́ yín?"

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹni tí kò bá tíì ka ìwé, kó sọ pé òun ò tíì kà á. Mo sì máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi, bí ìyá wọn kò bá sí nítòsí. Ìwé tí mo fọwọ́ kọ ṣì wà nílé wa, òwú dúdú rẹ̀ ò já. Bí àlejò bá yà á kà, tó sì bi mí pé apá wo ló dára jù, mo máa ń ní apá kejì ni, Morẹ́nikẹ́ á sì wúkọ́ láti ilé ìdáná.