Ilé Gogoro Ọ̀gá Gogoro

Bí ẹ bá bi ọkùnrin náà lónìí pé báwo ni ọ̀rọ̀ ilé onírin ṣe jẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Á ní, "Ẹ jókòó. Ìwà òmùgọ̀ tí ẹnì kan kò lè dá jẹ tán ni mo fẹ́ bù fún yín."

Wẹ́dà ni. Irin ló ń jó mọ́ irin, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jó tó o ní gbogbo òpópó náà. Ọlọ́run fún un lọ́wọ́, Ó fún un lójú, ṣùgbọ́n nígbà tó kan gíga, àfàìmọ̀ kí ohun èlò má ti tán. Bó bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá gáàsì tó fi ń ṣiṣẹ́, àgbá ló ga jù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ọ̀gá Gogoro. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń fi í ṣe o, ṣùgbọ́n òun gbà á bí oyè. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: Ọ̀GÁ GOGORO, ÌRÓKÒ ÀÁRÍN IRIN, ÀJÀNÀKÚ TÍ Í MI ÒPÓPÓ.

Fóònù ló kó bá a. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ló rí àwòrán ilé gogoro onírin tí àwọn Faransé fi ń yangàn. Ó wò ó títí, ó tún rí i pé kì í ṣe ẹyọ kan mọ́. Ìlú kan ti kọ́ ẹ̀dà rẹ̀ síwájú ilé ìtura ńlá. Òmíràn kọ́ tirẹ̀ sáàárín ilé gbígbé. Ìlú kékeré kan tilẹ̀ kọ́ tirẹ̀, ó wá dé e ní fìlà pupa.

"Gbogbo ayé ti ní tiwọn!" ó ké sí ìyàwó rẹ̀. "Ta ló ní káwa má ní tiwa?"

"Olówó orí mi, ta ló rán yín níṣẹ́?"

"Ẹni tí kò bá ga, kó kọ́ nǹkan tó ga, kó sì gùn ún. Òwe baba mi ni."

"Baba yín ga," ni ìyàwó wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti kéde fún gbogbo àdúgbò pé ilé gogoro òun yóò ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ. Ó lọ bá àwọn oníròyìn rédíò, wọ́n dá ọjọ́ tí wọn yóò ṣí i. Ìgbà tó padà dé ṣọ́ọ̀bù ló rántí bi ara rẹ̀ pé, "Irin dà?"

Kò ní irin. Àmọ́ ṣọ́ọ̀bù kún fún irin oníbàárà tí wọ́n gbé wá fún àtúnṣe. Géètì olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìntì wà níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Pẹpẹ irin tí oníbúrẹ́dì ń to búrẹ́dì sí náà wà níbẹ̀. Ó wò wọ́n, wọ́n wò ó.

"Yíyá ni mo fẹ́ yá wọn," ló sọ fún ara rẹ̀. Ó gbàgbé pé ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, á ṣoni.

Láti ọjọ́ náà ló ti di ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ àwáwí.

Olùkọ́ àgbà dé. "Wẹ́dà, géètì mi ńkọ́? Ẹyọ ìdè kan ló já, oṣù kẹta rèé."

"Bàbá, a ti jó o." Òótọ́ ni, ó ti jó o. "Ó kù kí ọ̀dà gbẹ ni."

"Ọ̀dà wo ní í gbẹ fún oṣù mẹ́ta?"

"Ọ̀dà òkè òkun ni, bàbá. Kì í kánjú."

Nọ́ọ̀sì dé. "Ọ̀gá, okùn ni mo fi ń so ilé ìdáná mi. Àwọn ológbò àdúgbò ń wọlé wá jẹun bí ẹni wá kí àna."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Nọ́ọ̀sì. Ilẹ̀kùn yín ti wà ní ipò gíga."

Ó rẹ́rìn-ín àwàdà ara rẹ̀ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kun gbogbo irin tó ti jó pọ̀ di ilé gogoro níwájú ṣọ́ọ̀bù ní àwọ̀ kan náà, kí géètì má baà yàtọ̀ sí pẹpẹ, ó sì fi tapólì bò ó mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ pé. Èrò kún òpópó bámúbámú. Ọ̀gá Gogoro wọ aṣọ funfun gbòò àti bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ga. Ó gba àkàbà tó wà láàárín ilé náà gùn dé ìpele òkè pátápátá, ẹ̀rọ gbohùngbohùn rédíò lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ká tapólì kúrò. Ká má purọ́, ó rẹwà. Gbogbo èèyàn ló ké "Háà!" Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kò sẹ́ni tí kò gbójú sókè kó tó rí i.

Oníròyìn bi í láti ìsàlẹ̀ pé, "Ọ̀gá, níbo lẹ ti rí irin tó pọ̀ tó báyìí?"

"Irin kẹ̀?" ó dáhùn, ìgbéraga ti gun orí ahọ́n rẹ̀. "Kò sí ilé kan ní òpópó yìí tí kò sí nínú ilé gogoro yìí!"

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n ṣe bí òwe ló ń pa.

Àfi olùkọ́ àgbà. Ogójì ọdún ló fi ṣàtúnṣe ìwé ọmọléèwé, kò sì lè rí ohun tí wọ́n kọ kó má kà á. Ó ti rí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi irin kọ ní ìpele kìíní. Ó wọ awò ojú, ó dorí kodò, ó sì kà á: Ẹ KAN ILẸ̀KÙN KÍ Ẹ TÓ WỌLÉ.

"Wọ́n gbé e sódì," ó ní jẹ́jẹ́. "Àmì orí ọ̀rọ̀ kan sì ti já. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fi àmì yẹn sí i." Ó wá gbóhùn sókè. "Géètì mi nìyí!"

Nọ́ọ̀sì sún mọ́ ilé náà. Ó kàn fa kọ́kọ́rọ́ yọ nínú àpò, ó tì í bọ ẹsẹ̀ ilé gogoro náà, ó yí i. Kló! Ilé onírin ṣí.

Ni gbogbo ayé bá kọjú sí irin, kálukú ń wá tirẹ̀. Oníbúrẹ́dì rí pẹpẹ mẹ́fà. Ẹnì kan rí irin ojú fèrèsé, ẹnì kan rí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Láàárín ariwo náà ni akunlé kan rọra sún mọ́ àkàbà.

"Ẹ má bínú, Ọ̀gá, n kò fẹ́ da ọjọ́ yín rú. Àkàbà mi nìkan ni mo fẹ́ mú." Ó sì gbé e kúrò.

"Gbé àkàbà yẹn padà!" Ọ̀gá Gogoro ké mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn, gbogbo ìlú sì gbọ́. Ó na ẹsẹ̀ sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ kò kan nǹkan kan. Ààyè tó wà láàárín irin sí irin ju òun alára lọ.

Olùkọ́ àgbà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta bí ìgbà tó wà ní kíláàsì. Ariwo rọlẹ̀. "Wẹ́dà, a ó so ayùn mọ́ okùn fún ọ. Gé irin tó wà lókè orí rẹ, fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún ẹni tó ni ín, a ó sì gbé àkàbà wá kí o bọ́ sí ìpele kejì. Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe dé ilẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe. Olùkọ́ ń pe orúkọ, wẹ́dà ń gé irin, oníròyìn ń ròyìn: "Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, pẹpẹ búrẹ́dì kẹrin ti gúnlẹ̀ láyọ̀." Bí ilé ṣe ń kúrú ni onílé ń kúrú. Aṣọ funfun ti di aṣọ ìpáǹtí. Ní ìpele kejì ló wolẹ̀, ó rí gbogbo ojú tó ń wo òun lókè, bó ṣe ń tọrọ rẹ̀ láti kékeré. Ẹ̀rín bú yọ lẹ́nu rẹ̀, kò lè mú un mọ́ra. Irin ló fi wá òkìkí, ẹ̀rín ló rí he.

Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀, ohun tó kù kò ju irin kan lọ ní ìdí ilé náà: ẹsẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ṣe ọnà òdòdó sí, pẹ̀lú àtẹ̀sẹ̀ fífẹ̀ kan nísàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó wá gbà á.

Ìyàwó rẹ̀ bọ́ síwájú. Aránṣọ ni. Láti oṣù kan ló ti ń fi ọwọ́ yí máṣíìnì lórí tábìlì, nítorí wọ́n ní olè wọlé, ó jí ẹsẹ̀ máṣíìnì lọ. Ó wo irin náà, ó wo ọkọ. Oníròyìn rọra sún ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ wọn.

"Olówó orí mi, ṣé olè tí ẹ ṣáájú wa gbàdúrà takò lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ máṣíìnì mi sọnù nìyí? Ẹni tí ẹ ní kí irin tó jí gbé e dé ibi tí kò ti ní lè sọ̀ kalẹ̀?"

Ọ̀gá Gogoro bọ́ bàtà gíga náà lẹ́sẹ̀.

"Gbogbo ilé la ṣe àmín," ni ìyàwó wí.

"Mo mọ̀," ló dáhùn. "Àmín tèmi ló ròkè jù."