Ẹsẹ̀ Méjì Tí Wọ́n Gé Lára Tábìlì Mi

Wọ́n gé ẹsẹ̀ méjì lára tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, kò sì sẹ́ni tó tíì dá mi lóhùn títí di òní.

Ẹ wá jókòó. Ṣé ẹ mọ ibi tí àwọn àgbà ti rí òwe tí wọ́n ń pa pé ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀? Ẹni tó bá ní òwe yẹn ti wà kí wọ́n tó bí mi, irọ́ ló ń pa. Inú ṣọ́ọ̀bù mi ló ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ àbúrò mi ló sì ti wá.

Àbúrò mi náà ni Dókítà Ọyètúndé, ọ̀gá àwọn tó ń tún eegun ṣe ní ọsibítù ìlú wa. Láti kékeré ló ti ń ṣe é. Bí adìyẹ ìyá wa bá kán lẹ́sẹ̀, òun ló máa ń fi ẹyọ ìgbálẹ̀ dì í. Nígbà tó yá, adìyẹ tí ara wọn le pàápàá ń sá fún un. Ó kàwé, ó kàwé, ó di ẹni tí àwọn dókítà kéékèèké ń wárìrì fún. Láàárọ̀, á mu wàrà, á sáré yí àdúgbò ká, á wá máa wo ìrìn àwọn tó ń lọ jẹ́jẹ́ wọn: "Ìyá Súlé, orúnkún òsì yẹn ò dáa o!" Tó bá di Sátidé, iṣẹ́ káfíńtà ló fi ń ṣeré. Ó ní eegun àti igi, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ní Sátidé kan, ó ní òun fẹ́ tún tábìlì mi tó ń mì ṣe. Aṣọ ilé-ìwé tí àwọn ọmọ máa wọ̀ ní Mọ́ńdè wà lórí rẹ̀. Mo ní, "Fi í sílẹ̀, káfíńtà ń bọ̀." Kò gbọ́. Ó gbé òòlù sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ ló bà. Èmi pàápàá gbọ́ tó dún.

"Ká lọ sí ọsibítù."

"Lọ bá ta ni? Àwọn ọmọ tí èmi fúnra mi kọ́ níṣẹ́ ni yóò máa tẹ̀ mí lọ́wọ́? Àǹtí, ẹ bu omi wá."

Ó mú píọ̀pù, báńdéèjì funfun tó máa ń le bí òkúta, jáde nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó rẹ ẹ́ sómi. Ó fi apá ti ẹsẹ̀ tábìlì kó lè dúró gbọọrọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kan wé e, ó ń ṣàlàyé bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì.

Mo ní, "Ọyètúndé, o ti wé tábìlì mọ́ ọn."

"Àǹtí, ta ni dókítà nínú wa?"

Mo kó aṣọ ilé-ìwé kúrò lórí tábìlì. Píọ̀pù gbẹ. Ó dìde. Tábìlì bá a dìde.

Ọkọ̀ akẹ́rù la fi gbé àwọn méjèèjì lọ. Mégáàdì ọsibítù bi mí pé, "Mọ̀mí, èwo nínú wọn ni aláìsàn?"

Àwọn dókítà kéékèèké fẹ́ la píọ̀pù, àbúrò mi pariwo: "Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án! Píọ̀pù tó dáa ni. Tábìlì ni kí ẹ gé!"

Wọ́n fi aṣọ aláwọ̀ ewé bo òun àti tábìlì pátápátá, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ó wá ku ẹsẹ̀ tábìlì nìkan tó yọ síta.

"Sà, ẹsẹ̀ wo?"

"Ti òsì!" ló dáhùn lábẹ́ aṣọ.

Òsì ta ni? Tábìlì ti dojú dé! Òun kan náà ló kọ́ wọn pé kí wọ́n máa fi báírò sàmì sí ẹsẹ̀ kí wọ́n tó mú ayùn, kí wọ́n má baà gé èyí tí kò ṣẹ̀. Ṣé ẹnikẹ́ni rántí sàmì sí tábìlì mi? Wọ́n gé ẹsẹ̀ kan, ó já bọ́, kò sí dókítà kankan lára rẹ̀. Wọ́n ní, "Háà, kì í ṣe eléyìí o." Wọ́n gé òmíràn.

Wọ́n wá ya fọ́tò eegun náà. Píọ̀pù ọ̀gá wọ́ bí ìrù ajá! Wọ́n là á dànù, àwọn ọmọ tó kọ́ níṣẹ́ wé tuntun mọ́ ọn lọ́wọ́, ó gún régé. Ká ní wọ́n ti kọ́kọ́ là á ni, tábìlì mi ì bá ṣì dúró.

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Tó bá dán an wò, tábìlì oní-tábìlì ló máa gé. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo ti ń gé aṣọ báyìí. Àná ló tún sáré kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yìn yín ò dáa o, ẹ̀ ń tẹ̀ jù!"

Ọyètúndé, mò ń bi ọ́: ta ni yóò to ẹsẹ̀ tábìlì mi? Má sọ pé ìwọ ni. Dá mi lóhùn!