Láṣebìkan Tí Wọ́n Pín Ọ̀run Fún

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ọ̀run ń ya bọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, torí ó ti rẹ̀ mí lónìí, mi ò lè pariwo. Ìtàn ẹni tó rẹ̀ jù mí lọ ni mo fẹ́ sọ.

Ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Ìpínṣẹ́, gbogbo nǹkan ló ní ìdílé tó ni ín. Bí ewúrẹ́ bá já sí kànga, àwọn ará Ilé Olómi nìkan ló lè yọ ọ́, kódà kí ẹni tó ni ewúrẹ́ dúró létí kànga tòun ti okùn lọ́wọ́. Bí igi bá wó dí ọ̀nà oko, gbogbo ìlú á máa gun igi náà kọjá títí àwọn ará Ilé Olọ́nà yóò fi ráyè. Wọ́n ní ètò yìí ni kì í jẹ́ kí ìjà wà láàárín àwọn. Àdéhùn kan ṣoṣo ló tẹ̀ lé e: ìdílé tí ohun tí wọ́n pín fún un bá bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, yóò kó ẹrù rẹ̀, yóò fi ìlú sílẹ̀.

Ìdílé Láṣebìkan ló dé kẹ́yìn. Kí wọ́n tó dé, wọ́n ti pín odò, wọ́n ti pín ọ̀nà, wọ́n ti pín ọjà àti igbó. Baálẹ̀ ìgbà náà wo ilẹ̀ títí, kò rí nǹkan kan mú. Ló bá wo òkè. Ó ní, "Ọ̀run ló kù. Ẹ máa bá wa mójú tó o." Bàbá ńlá Láṣebìkan dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó rò pé òun ti rí iṣẹ́ tí kò ní làálàá. Ẹ máa ṣọ́ra fún iṣẹ́ tí wọ́n bá fi ẹ̀rín gbé lé yín lọ́wọ́.

Nígbà tí iṣẹ́ náà fi máa kan Láṣebìkan, kò sí oorun ọ̀sán mọ́ ní ilé wọn. Bí òjò bá pẹ́ kó tó rọ̀, wọ́n á wá kan ilẹ̀kùn. Bó bá rọ̀ jù, wọ́n á tún wá kàn án. Obìnrin kan sá ẹ̀lùbọ́, ìkùukùu bo oòrùn, ni obìnrin yìí bá gbé ẹ̀lùbọ́ tútù wá síwájú ilé Láṣebìkan, ó jókòó tì í, ó kàn ń wo ojú ọkùnrin náà. Àṣá gbé òròmọdìẹ bàbá arúgbó kan lọ, bàbá náà ní ọ̀run ló gbé e. Láṣebìkan ní àṣá kì í ṣe ọ̀run, ẹyẹ ni.

Bàbá náà ní, "Ṣé orí ilẹ̀ ló ń rìn nígbà tó gbé e ni?"

Láṣebìkan wojú bàbá, ó wọlé lọ, ó mú òròmọdìẹ tirẹ̀ kan jáde fún un. Agbára àtijiyàn ti tán lára rẹ̀.

Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Dàda, ẹ lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀."

Ó ní, "Bí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ọ̀run yìí náà ni n ó máa wò."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìràwọ̀ kan já. Ó já sínú abà iṣu Baálẹ̀, abà sì jóná ráúráú. Wọ́n ṣa òkúta dúdú kan nínú eérú, wọ́n sì gbé e wá fún Láṣebìkan.

Baálẹ̀ ní, "Àfọ́kù ọ̀run rèé. Ó ti ń ya. Lọ tún un ṣe. Bí ìyókù bá wó, o mọ àdéhùn."

"Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́, ọ̀nà wo ni mo máa gbà dé òkè?"

"Ta ló ní kóo dé òkè? Bí èèyàn bá dúró lórí àpáta, ṣebí à ń rí ibi tó ti fìdí kan ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìdí rẹ̀ ló yẹ̀. Lọ fi òpó tì í."

Láṣebìkan ronú kan ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́, ó ronú kan sàréè bàbá rẹ̀ tó wà nínú ilé náà. Ó gbé òpó igi ayán kan lé èjìká, ó sì mú ọ̀nà pọ̀n. Òpó náà wúwo. Bó ṣe ń sún mọ́ ibi tí ọ̀run ti kan ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ ń sún síwájú, bí adìẹ tí kò fẹ́ kí wọ́n mú òun. Ìlú tó bá dé, á bi wọ́n bóyá ibẹ̀ ni ọ̀run parí sí. Wọ́n á ní rárá o, àwọn ò ṣe irú ẹ̀ níbí, kó wò ó ní ìlú tó kàn. Wọ́n á fún un lómi, á tún gbéra.

Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ti ara rẹ̀ rìn nígbà tó rí ọkùnrin kan tó ń bọ̀ lódìkejì. Ọkùnrin náà gbé òpó léjìká, èjìká rẹ̀ sì ti bó.

Láṣebìkan ní, "Ẹ kú ẹrù o. Níbo lẹ̀ ń gbé e lọ?"

"Ògúnrọ̀mbí lorúkọ mi. Ibi tí ọ̀run ti kan ilẹ̀ ni mò ń lọ. Láti ìlú wa, apá ibi tí ẹ ti ń bọ̀ yẹn la ti ń rí i."

Láṣebìkan sọ òpó sílẹ̀. Ó ní, "Ìlú wa ló wà níbẹ̀. Apá ọ̀dọ̀ yín làwa ti ń rí i."

Àwọn méjèèjì jókòó. Ìràwọ̀ ti ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀run náà lọ síwájú, ó lọ sẹ́yìn, kò sí ibi tí èèyàn lè nàka sí pé tèmi rèé. Gbogbo ìlú tí Láṣebìkan ti gbà kọjá, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wà, bí èèrà lábẹ́ igbá. Ọ̀rọ̀ yìí kò bà á lẹ́rù. Inú ló bí i, nítorí èjìká rẹ̀ ń ta á.

Ògúnrọ̀mbí bi í pé, "Ṣé ìdílé tiyín náà ló dé kẹ́yìn?"

"Àwa náà ni."

Wọ́n la àwọn òpó náà, wọ́n fi dáná, wọ́n sun iṣu jẹ, kálukú sì padà sílé.

Baálẹ̀ bi Láṣebìkan bóyá ó ti lo òpó. Ó ní òun ti lò ó. Kò purọ́. Ó wọlé, ó tẹ́ ẹní, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ di ojú báyìí ni oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Ohun dúdú kan ń jẹ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́. Àwọn adìẹ wọ ilé lọ sùn. Gbogbo ìlú ya bo ilé Láṣebìkan, Baálẹ̀ ló ṣíwájú.

"Láṣebìkan, ọ̀run rẹ ń ya bọ̀. Kó ẹrù rẹ."

Láṣebìkan kò dìde lórí ẹní. "Baálẹ̀, mo ti gbọ́. Bí mo bá lọ, ilé wo lẹ máa pín in fún?"

Baálẹ̀ wẹ̀yìn. Àwọn ará Ilé Olómi ń wo ilẹ̀. Àwọn ará Ilé Olọ́nà ti ń rìn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

"Bó bá sì wó kí ẹ tó pín in, orí ta ni yóò wó lé?"

"Orí rẹ ni."

"Orí tèmi nìkan?"

Baálẹ̀ wo òkè. Ó rí i pé ọ̀run wà lókè fìlà tòun náà. Ó sún sápá ọ̀tún, ó tún wò ó, ó ṣì wà níbẹ̀.

Láṣebìkan ní, "Mo rìn títí, mi ò rí etí rẹ̀. Ọ̀run ń ya bọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Kí ẹni tó bá ní orí na ọwọ́ sókè."

Ni wọ́n bá nawọ́. Ẹni tó ní ọmọ odó na ọmọ odó, ẹni tó ní ìgbálẹ̀ na ìgbálẹ̀. Baálẹ̀ ní kí ẹnì kan bá òun na tòun, kò sẹ́ni tọ́wọ́ rẹ̀ dilẹ̀, ló bá na ọwọ́ ara rẹ̀, apá agbádá wó bò ó lójú. Kò pẹ́, oòrùn yọ. Ẹnì kan ní, "A ti dì í mú." Ẹlòmíràn ní kí ẹnikẹ́ni má dẹwọ́ o, kó má lọ já. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dúró títí di ìrọ̀lẹ́, tí apá ń gbọ̀n wọ́n.

Àwẹ̀ró yọjú sínú ilé. "Bàbá Dàda, gbogbo ìlú ló ń gbé ọ̀run dúró níta. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Láṣebìkan ti kọjú sí ògiri. Ó ní, "Èmi ti gbé tèmi," ó sì sùn lọ.

Láti ọjọ́ náà, wọn ò kan ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́, àfi bí wọ́n bá wá kí i. Bí wọ́n bá wá gbé ohun tó kan gbogbo ayé lé ẹ̀yin nìkan lọ́rùn, ẹ dùbúlẹ̀ síbi tí ẹ wà, kí ẹ dá wọn lóhùn pé ọ̀run ń ya bọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Ẹ jẹ́ kí èmi náà lọ sùn.