Ààfin Pàṣẹ Pé Àlejò Ni Ìgò Oníke

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìdó-Àràbà, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń fọṣọ, kó fi ọṣẹ sílẹ̀! Ẹni tó ń jẹun, kó gbé òkèlè mì! Ààfin ló rán mi, n ò rán ara mi o!

Gbogbo yín lẹ mọ òfin owó ìgò. Bí ẹ bá ra ẹlẹ́rìndòdò onígò, ẹ ó fi owó ìgò sílẹ̀. Bí ẹ bá dá ìgò padà, ẹ ó gba owó yín. Ṣé ẹ rí ìgò nínú gọ́tà rí? Ẹ ò lè rí i! Àwọn ọmọ á ti gbé e sáré lọ gba owó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Tíṣà Sìdíkátù, tó ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé ẹ̀bá odò, ní kí òfin náà mú ìgò oníke àti agolo mọ́ ọn. Ó ní ike ló dí gọ́tà. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni omi ti wọ kíláàsì òun lọ́dún yìí, pé orí tábìlì ni àwọn ọmọ jókòó sí kọ́ ábídí, àti pé bí òjò ńlá kan bá tún rọ̀, ògiri á wó lù wọ́n. Irinwó èèyàn ó lé méjìlá ti tẹ̀ka sí ìwé rẹ̀.

Olóyè Arówóṣafẹ́ gbọ́, inú bí i. Ẹ kúkú mọ̀ ọ́n: òun ló ń kó ẹlẹ́rìndòdò oníke wọ̀lú, òun náà ló gbé fìríìsà tuntun fún ààfin lóṣù tó kọjá. Ìgbìmọ̀ jókòó. Ìgbìmọ̀ mu nǹkan tútù. Ìgbìmọ̀ pàṣẹ!

Èkíní! Àlejò ni ìgò oníke. Kí ẹnikẹ́ni má gba owó lórí àlejò! Bó bá wù ú kó sùn ní gọ́tà, ẹ tẹ́ ẹní fún un!

Èkejì! Òjò gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ní ààfin kó tó rọ̀. Èyí tó bá rọ̀ láìgbàṣẹ, wọn ó ti òun àti ìkùukùu tó rán an mọ́lé. Mo tún un wí: àti ìkùukùu!

Ẹ̀kẹta! Kíláàsì tí omi bá wọ̀ kì í ṣe kíláàsì mọ́, odò ẹja ni. Kí àwọn ọmọ ibẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, kí tíṣà wọn máa san owó-orí ẹja!

Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Àgbààgbà mẹ́sàn-án ló fi ọpọlọ pípé ro èyí o, láti àárọ̀ dé ọ̀sán!

Ẹ̀kẹrin, òun ló wúwo jù! Ẹnikẹ́ni tó bá tẹ̀ka sí ìwé Tíṣà Sìdíkátù, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa ike ẹ̀kún àpò mẹ́wàá nínú gọ́tà! Kó rù ú wá sí ààfin! Kó dà á sílẹ̀ níwájú Kábíyèsí, kí ojú tì í! Òní gan-an ni, kí ilẹ̀ tó ṣú!

Mo bi ìgbìmọ̀ bóyá wọ́n ti ka iye àwọn tó tẹ̀ka. Wọ́n ní kí n má yọ àwọn lẹ́nu, kí n lọ lu agogo mi. Mo ti lù ú.

Irinwó èèyàn ó lé méjìlá! Àpò mẹ́wàá mẹ́wàá! Ẹ ṣírò ó fúnra yín. Kò ní ku ike kan ní gọ́tà. Kábíyèsí, ẹ ṣílẹ̀kùn ààfin gbayawu, à ń dá a padà bọ̀!

Èmi Ọ̀jẹ́wálé akéde ló jíṣẹ́ yìí. N ò fi kún un, n ò yọ níbẹ̀. Ẹ wo àtàǹpàkò mi, yíǹkì rẹ̀ ò tíì gbẹ. Ẹni tó bá ní àpò lẹ́yìnkùlé, kó yá mi ní mẹ́wàá. Ẹ yà lọ́nà o! Mò ń lọ jẹ ìyà mi!